Ìlà Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oníwàrà

Kí n tó ṣàlàyé bí mo ṣe di akíkanjú, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni inú fi ń run mí ṣáájú ọjọ́ náà. Ìyàwó mi ní ẹ̀wà tí mo jẹ ni. Mo gbà fún un. Ó sàn kí ẹ̀wà gba ẹ̀bi ju kí ọkùnrin tó bí ọmọ mẹ́rin sọ pé ìpàdé àwọn tó ń tún aago ṣe ló ń dẹ́rù ba òun.

Iṣẹ́ aago ni mo ń ṣe ní Post Office, n'Ílọrin, láyé ìgbà tí àwọn ènìyàn ṣì ń gbé aago lọ fún àtúnṣe dípò kí wọ́n sọ ọ́ nù. Ìwé méje ni mo kà. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi sọ pé orí mi àti ìwé kò bára wọn ṣọ̀rẹ́, ó sì fà mí lé ọ̀gá mi lọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀gá mi kú, ìjókòó rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún mi: tábìlì kékeré, àpótí onígíláàsì lórí rẹ̀, àga kan fún èmi, bẹ́ǹṣì kan fún oníbàárà. Ara ògiri ló wà, lójú ọ̀nà gan-an. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ kò ní láti pe ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ á wo aago ọwọ́ wọn, wọn á rí i pé ó ti kú, wọn á gbójú sókè, wọn á rí mi. Ìjókòó yẹn ló ń bọ́ ilé mi.

Ẹni mẹ́tàdínlógún ni wá nínú ẹgbẹ́. Àṣà kan wà nínú iṣẹ́ wa tí mo gbọ́dọ̀ sọ. A kì í dá aago padà lọ́jọ́ tí a bá tún un ṣe. A máa ń so ó mọ́ ọwọ́ ara wa fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí a fi mọ̀ bóyá ó ń sáré tàbí ó ń wọ́lẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá pàdé ọ̀kan nínú wa nígbà yẹn, aago mẹ́ta, mẹ́rin ni yóò tò láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìgúnpá, méjì nínú wọn kò sì ní bára mu. Wáláhì, kò sí ẹgbẹ́ tí kì í mọ iye tí aago lù nílùú yìí bíi tiwa. Bí a bá fi ìpàdé sí aago mẹ́wàá, ẹlòmíràn á dé ní mẹ́sàn-án, ẹlòmíràn á dé nígbà tí a bá ń kádìí rẹ̀, gbogbo wọn á sì ní aago kan lọ́wọ́ tó gbè wọ́n lẹ́yìn. Bàbá tó dàgbà jù nínú wa nìkan ni kì í so aago. Ìrun ló fi ń mọ ìgbà.

Alága la pe olórí wa nígbà tí a yàn án. Nígbà tí sójà tó ń ṣèjọba lókè lọ́hùn-ún pe ara rẹ̀ ní Ààrẹ, alága wa náà ní òun ò rí ohun tó fi ju òun lọ. Bó ṣe di Ààrẹ nìyẹn. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí ìyàwó mi fẹ́ bí ìkẹta, òun ló sáré wá ọkọ̀ tó gbé e lọ sí ọsibítù. Ohun tó ṣe é ni pé ó fẹ́ràn kí a máa gbọ́ ohùn òun, ó sì ní aago ńlá aláwọ̀ wúrà kan tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa ṣí wò rí.

Ní ìpàdé kan, ó yọ ìwé gbọọrọ kan jáde, ó ní òun ti tún òfin ẹgbẹ́ kọ. Látẹ̀yìnwá, bí a bá fẹ́ gbé ìjókòó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan, àgbà márùn-ún ló ń jókòó lé e, mẹ́ta nínú wọn sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Nínú òfin tuntun, Ààrẹ nìkan ló tó. Ìkejì, Ààrẹ á wà lórí oyè títí yóò fi rí ẹni tí ọkàn òun balẹ̀ sí. Ìkẹta, aago ọwọ́ Ààrẹ ni aago ẹgbẹ́, ohun tó bá sọ pé ó lù ló lù.

"Olórí ló yẹ kó mọ àsìkò," ó ní. "Ṣé irọ́ ni mo pa?"

Ẹnì kan wúkọ́. Èmi ni.

Ó ní òun kì í ṣe aninilára, a máa dìbò sí i. Lọ́dún yẹn, ìjọba ti pa àpótí ìbò tì, wọ́n ní kí oníkálukú máa tò sẹ́yìn ẹni tó bá fẹ́. Ààrẹ ní báwa náà ṣe máa ṣe é nìyẹn. Sátidé tó ń bọ̀, lórí ilẹ̀ gbalasa tó wà lẹ́yìn àwọn káfíńtà. Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó tò sábẹ́ igi dóńgóyárò. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó tò sídìí òpó iná. Bí aago méjì bá lù, òun á ti ìbò pa. Ẹ wo ọgbọ́n yẹn ná: abẹ́ igi ni ìbòji wà, òpó iná kò ní ewé.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò ìyàwó Ààrẹ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́, tí kò sì tíì rí ibi gidi jókòó, wá síwájú ìsọ̀ mi. Ó kí mi dáadáa. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀: ìṣísẹ̀ mẹ́ta níbùú, mẹ́rin lóròó.

"Kí lò ń wá?" mo bi í.

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Mo kàn ń na ẹsẹ̀ ni."

Ìgbà yẹn ni inú rírun yẹn bẹ̀rẹ̀.

Bàbá tó dàgbà jù ránṣẹ́ pè mí. Ó ti ṣe ìṣirò rẹ̀ tán. Mẹ́jọ ló wà lẹ́yìn Ààrẹ, pẹ̀lú Ààrẹ fúnra rẹ̀. Àwa márùn-ún ni kò fẹ́: Bàbá, èmi, àti àwọn mẹ́ta mìíràn tí ń kùn níkọ̀kọ̀. Mẹ́rin kò tíì mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Bí a bá gba gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwa á jẹ́ mẹ́sàn-án.

"Ìwọ ló máa bá wọn sọ̀rọ̀," Bàbá ní.

"Bàbá, kí ló dé tó fi jẹ́ èmi? Ẹ wo àwọn ọlọ́kàn líle."

"A ò nílò ọlọ́kàn líle. Ojo ni wọ́n, ojo sì ni ìwọ náà. Ìwọ lo gbọ́ èdè wọn."

Mo ki aago kan bàpò, mo bọ́ sọ́nà.

Ọ̀dọ̀ ẹnì kan tí a ń pè ní Tísà ni mo kọ́kọ́ lọ. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, ó ti kọ́ni níwèé rí kó tó wá kọ́ṣẹ́ aago. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, mo yọ aago kan tí nǹkan kan kò ṣe, mo ní kó bá mi wò ó, kí àwọn tó ń kọjá má baà fura.

Ó gbé e sétí. "Ẹ̀gbọ́n, aago yìí le ju èmi àti ẹ̀yin lọ. Ọ̀rọ̀ ìbò lẹ bá wá."

Mo bojú wẹ̀yìn. "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Wúyẹ́wúyẹ́ lẹ ń sọ látìgbà tẹ́ ẹ ti dé. Ẹ kí mi gan-an, wúyẹ́wúyẹ́ lẹ fi kí mi."

Mo wá gbé ohùn sókè díẹ̀. Mo ní bí Ààrẹ bá lè dá nìkan gbé ìjókòó mi fún àna rẹ̀ lónìí, kí ni yóò dá a dúró lọ́la tí kò fi ní gbé ti Tísà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀? Mo ní ẹni tí a bá sọ fún pé kó máa jẹ oyè títí tí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀ láéláé. Mo ti ń dán ọ̀rọ̀ yẹn wò láti àárọ̀ nínú balùwẹ̀.

"Mo mọ gbogbo ìyẹn," Tísà ní. "Kò dáa. Àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo kọ́ gan-an á mọ̀ pé kò dáa."

"Kí lò tún wá ń rò?"

"Ìlà ni mò ń rò. Bó bá ṣe pé inú àpótí ni, ọkùnrin ni mí. Nínú ìlà, mo níyàwó, mo lọ́mọ." Ó dá aago mi padà. "Bí mo bá ti rí ẹnì kan ṣoṣo nídìí òpó yẹn, mò ń bọ̀. Ẹnì kan péré. N ò kàn lè ṣe àkọ́kọ́ ni."

Láti ibẹ̀ mo gba ọ̀dọ̀ Alfa lọ. Òun máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú lẹ́yìn iṣẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ńlá ló máa wọ̀ ọ́ létí. Mo ní, "Alfa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ṣé ó bójú mu kí ẹnì kan sọ ara rẹ̀ di ọba, kí àwọn yòókù máa wò ó?"

Ó yọ awò kúrò lójú. "Ọba ń bẹ n'Ílọrin. Kí lo ní lọ́kàn gan-an?"

Ara mi tutù. "N ò ní nǹkan kan lọ́kàn, Alfa. Mo wá kí yín ni."

"O ti kí mi. Ó dàárọ̀."

Ọ̀sán gangan ni o. Mo lọ.

Mo jókòó sí ìsọ̀ mi, mo ń ṣí aago obìnrin kan tó kú. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti wá. Bí aago bá kú, ẹni tí kò mọṣẹ́ á máa gbọ̀n ọ́n lẹ́bàá etí. Ẹni tó mọṣẹ́ á ṣí i, á wo kẹ̀kẹ́ tó há nínú rẹ̀. Èmi ti ń gbọ̀n wọ́n látàárọ̀. Kò sí èyí tí kò mọ̀ nínú wọn pé òfin yẹn kò dára. Ohun tí oníkálukú ń bi ara rẹ̀ ni pé ta ni yóò kọ́kọ́ dúró.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ Alfa, n ò dárúkọ ọba mọ́. Mo bi í pé, "Alfa, ènìyàn mélòó lẹ fẹ́ rí níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó wá?"

Ó wò mí títí. Ó rẹ́rìn-ín. "Méjì. Bí méjì bá ti wà ńbẹ̀, èmi ni ìkẹta."

Ẹni kẹta ń ta okùn aago mọ́ iṣẹ́, ọmọ Gàmbàrí ni, Hausa ni wọ́n ń sọ nílé wọn. Ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí ti Ààrẹ. "Ẹ̀gbọ́n, òun ni mò ń rí láàárọ̀, òun ni mò ń rí lálẹ́. Ẹ wá ẹni mẹ́ta fún mi, èmi á ṣìkẹrin." Ẹni kẹrin kò sòro rárá. Ohun tí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn bá wí ló máa ń ṣe. Mo fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ pa mọ́ di òwúrọ̀ ọjọ́ ìbò, kí n lè jẹ́ ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Àwọn mẹ́ta tí ń kùn níkọ̀kọ̀ náà ní àwọn á wá bí àwọn bá rí èrò.

Ẹ rí i bí mo ṣe to kẹ̀kẹ́ mi. Ọ̀kan á ti Tísà, Tísà á ti Alfa, Alfa á ti ọlọ́kùn aago, títí yóò fi kárí. Ó ku sípíríǹgì tí yóò ti èyí àkọ́kọ́. Bàbá ni sípíríǹgì. Ó ti gbà láti ṣíwájú. Èmi ní tèmi á wọ àárín, ipò kẹrin tàbí ìkarùn-ún, níbi tí ẹ̀yìn àwọn ẹlòmíràn á ti ṣíji bò mí. Mo sọ fún Bàbá pé kó tètè dé.

"Bí mo bá ti kí ìrun àìlà tán," ó ní.

Sátidé dé. Gbogbo wa ti pé àfi Bàbá. Ààrẹ wọ agbádá funfun, ó ká ọwọ́ rẹ̀ sókè kí aago rẹ̀ lè máa kọ mọ̀nà. Ó wò ó, ó ní, "Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjì lù. Ẹ máa tò."

Mo wo ọwọ́ tèmi. Aago mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ní ó ku ogójì ìṣẹ́jú. Èkejì ní ó ku wákàtí kan. Ẹ̀kẹta ti kú.

Àwọn Ààrẹ kọjá sábẹ́ ìbòji, mẹ́jọ péré. Àna rẹ̀ wà nínú wọn, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Àwa yòókù dúró láàárín bí ẹrù tí kò ní olówó. N ò rí Bàbá. Tísà ń wò mí. Alfa ń wo Tísà. Ọlọ́kùn aago ń wo Alfa. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé ohun tí mo fi ọ̀sẹ̀ kan tò, èmi ni mo wá há sí i nídìí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sídìí òpó. Ṣùgbọ́n n ò dé ìdí òpó. Obìnrin Fúlàní kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ tí ń ta wàrà, ó gbé igbá rẹ̀ ka orí àpótí. Mo dúró sí àárín òun àti òpó, mo sì tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni tí ń yan wàrà. Mo ti rò ó: bí Ààrẹ bá bínú, wàrà ni mo wá rà. Bí Bàbá bá dé, ìlà ni mo wà.

"Mélòó?" obìnrin náà bi mí.

"Mò ń wò ó ná."

"Wàrà kì í ṣe sinimá."

Tísà, tí mo ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ bẹ̀, fi ọwọ́ méjèèjì yí ẹnu ká, ó pariwo.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ṣé ìlà lẹ wà ni, àbí wàrà lẹ fẹ́ rà?"

Ẹ̀rín bẹ́ lábẹ́ igi. "Ẹ fi í sílẹ̀," Ààrẹ ní. "Ebi lè máa pa á. Bí ó bá jẹun tán, yóò wá síbi ìbòji."

Bó bá ṣe pé ó bú mi ni, bóyá ǹ bá ti ra wàrà. Àmọ́ mo gbójú sókè, mo rí àna rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń sún un síwájú sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́ta níbùú, mẹ́rin lóròó. Mo rí bẹ́ǹṣì ọ̀gá mi lójú inú.

"Ìlà ni mo wà," mo ní.

"A ò gbọ́ o," Tísà ní.

"Mo ní ìlà ni mo wà."

"Ó dáa," oníwàrà ní, "kúrò níwájú igbá mi."

Mo kúrò. Mo lọ gbá òpó mú. Kì í ṣe ìgboyà, òpó náà ni mo fẹ́ fi bojú. Tísà dé, ó dúró sẹ́yìn mi, ó ní, "Ẹ dì í mú dáadáa, kó má wó." Alfa fojú kà wá, ọ̀kan, méjì, ó wá. Ọlọ́kùn aago wá. Ẹni kẹrin bojú wò mí, ó rántí pé èmi ni mo bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ó wá. Àwọn mẹ́ta tí ń kùn rí èrò, wọ́n dé.

Ààrẹ kà wá lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́jọ lọ́hùn-ún, mẹ́jọ níhìn-ín.

"Ó dọ́gba," ó ní. Ó wo aago rẹ̀. "Aago méjì ti lù. Mo ti ti ìbò pa. Bí ó bá sì dọ́gba, olórí ló máa ń là á."

"Aago ta ló lù?" Tísà bi í.

Gbogbo wa ká ọwọ́ aṣọ sókè. Irú ìran yẹn kò sí. Ọ̀kan ní ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀kan ní aago kan ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni. Ẹnì kan lábẹ́ igi ní tòun ní aago mẹ́rin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n.

"Ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀," Ààrẹ ní. "Aago tèmi ni aago ẹgbẹ́."

"Ààrẹ," Alfa ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ìyẹn náà wà nínú ohun tí a ń dìbò lé lórí. A ò tíì gbà á."

Ibi tí a wà nìyẹn tí Bàbá yọ láti kọ̀rọ̀ àwọn káfíńtà, búútà ìrun rẹ̀ lọ́wọ́, tí ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ó gba iwájú igi kọjá.

"Bàbá, a ti tì í pa," Ààrẹ ní.

Bàbá gbọ́ o. Mo mọ̀ pé ó gbọ́. Ó ní, "Ìwọ náà ńkọ́? Ara le?" Ó wá tò sẹ́yìn wa, ó gbé búútà sílẹ̀, ó bi ẹni tó wà níwájú rẹ̀ bóyá a ti bẹ̀rẹ̀.

Ààrẹ la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan tí ń ta bátìrì wà níwájú àwọn káfíńtà, rédíò rẹ̀ kì í sinmi. Rédíò náà dákẹ́ orin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún: pí, pí, pí. Lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin kan sọ pé aago méjì ọ̀sán ló lù, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìròyìn. Bàbá ti wà nínú ìlà kó tó lù: mẹ́sàn-án ni wá.

Gbogbo orí yí sí ọwọ́ Ààrẹ, títí kan orí àwọn tó wà lábẹ́ igi. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ pé a rẹ́rìn-ín ni, ì bá sàn fún un. Ó fa ọwọ́ agbádá rẹ̀ wálẹ̀ bo aago náà, ó ká ìwé rẹ̀ pọ̀. "Ìlú ti sọ̀rọ̀," ó ní, ó sì lọ jókòó sórí igi káfíńtà kan.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ṣí ìsọ̀ mi. Àna Ààrẹ ti wá ibòmíràn sí Ọjà Tuntun. Kò pẹ́, Ààrẹ fúnra rẹ̀ dé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó tú aago wúrà náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Ó ń sáré," ó ní. "Bá mi wo ohun tó ṣe é."

Mo de awò mọ́ ojú, mo ṣí i. Inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kò sí ohun tó ṣe aago yẹn láyé. Ọwọ́ ẹnì kan ló ń tì í síwájú. Ààrẹ ń wo ojú mi, èmi ń wo inú aago. Bí mo bá jẹ́ akíkanjú tí gbogbo Post Office ń pariwo láti Sátidé, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀.

"Eruku ló wọ̀ ọ́ díẹ̀, Ààrẹ," mo ní.

"Eruku," ó ní. "Èmi náà rò bẹ́ẹ̀."

Mo so ó mọ́ ọwọ́ fún ọjọ́ méjì gẹ́gẹ́ bí àṣà. Pẹ́kípẹ́kí ló ń bá rédíò rìn. Tísà kọjá, ó rí i lọ́wọ́ mi, ó dúró. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin ni Ààrẹ báyìí?" Mo fa ọwọ́ aṣọ mi wálẹ̀ bò ó kíá, mo wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan gbọ́. Ìyàwó mi se ẹ̀wà lọ́jọ́ yẹn. Mo jẹ ẹ́ tán, nǹkan kan kò ṣe mí.